Bàtà Tó Dúró Lórí Ìlà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin mi ló ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí yín létí, torí ẹsẹ̀ mi ti wú, ohùn mi ò sì ju ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga lọ mọ́. Ṣùgbọ́n tèmi ni ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ fẹ́ fi orúkọ mi sára ògiri gbọ̀ngàn yìí, níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò níṣẹ́. Ẹ ní nítorí òótọ́ inú mi ni. Mo ka ìwé náà, mo tún un kà, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, kò jẹ́ kí n sùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rìn títí, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti rẹ èmi tí mo gbé e pọ̀n. Dókítà ti bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Kí n tó lọ síwájú Ọba tí kì í béèrè ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú ẹ̀yin tí mo tàn.

Ìyá Òfin lẹ̀ ń pè mí. Ilé ni bàbá mi ti kọ́ mi níwèé, ìwé àdúrà lọ́wọ́ ọ̀tún, òwe lẹ́nu, nígbà tí ìyá mi ń fi oríkì jí wa láàárọ̀ bí ẹni ń da omi tútù síni lára. Nígbà tí wọ́n wá fi mí ṣe olórí ibùdó ìdìbò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lórí òkè, mo gbà á bí ẹni gba iṣẹ́ àlùfáà. Màá ṣí àpótí ìdìbò ní gbangba, màá dojú rẹ̀ délẹ̀, màá gbọ̀n ọ́n kí tẹrú-tọmọ rí i pé òfìfo ni, kí n tó tì í. Màá to àwọn yàrá kótópó tí wọ́n ti ń tẹ̀ka kẹ́yìn wọn kọjú sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ọwọ́ ẹnìkejì. Bí mo bá rí i pé aboyún kò lè gun àtẹ̀gùn kan, màá ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín: "Ìyá Òfin ti dé o, ẹ tò, ẹ tò, àní kí adìyẹ náà tò!" Inú mi máa ń dùn sí i. Ìgbéraga ni, mi ò mọ̀ nígbà náà.

Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ló kù sílé ayé, àbúrò mi obìnrin. Ilé ìfọṣọ ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn àti ti hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá wa máa ń kì í pé: Afọṣọ-má-ṣẹ́kù-àbàwọ́n, ọwọ́ wẹ́ẹ́rẹ́ tí í lé ìdọ̀tí wọgbó, aláṣọ funfun tí í mú lékeléke jowú. Àwàdà rẹ̀ kì í tán. Bí mo bá ń bínú, òun ló máa ń mú mi rẹ́rìn-ín tipátipá. Ẹ rántí èyí, torí ẹ̀rín rẹ̀ ni mo pa.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ ti yàrá ìgbẹ̀bí tó wà nísàlẹ̀ òkè pa. Ẹni méjì ló ń du ipò aṣojú àdúgbò. Aránṣọ kan, obìnrin, ní bí òun bá wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá náà. Ọkùnrin kan tó ń ta ilẹ̀ ní kí wọ́n tì í, kí wọ́n kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé aránṣọ ni àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ ń tì lẹ́yìn, torí yàrá yẹn ni púpọ̀ nínú wọn bímọ sí. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ráyè wá dìbò, nígbà tí ọ̀gá wọn bá pa ẹ̀rọ tán.

Alábòójútó tó wà lórí gbogbo àwa olórí ibùdó, Baba Alágboòrùn là ń pè é, torí òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, agboòrùn dúdú kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Ó wá kí mi nílé ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo àwòrán ọmọ mi lára ògiri. "Ìyá Òfin, ọmọkùnrin yín yìí ńkọ́? Ṣé ó ti ríṣẹ́?" Mo ní, "Ó ń wá a kiri, sà. Bàtà rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ jẹ tán." Ó mi orí bí ẹni tó káàánú wa. "Ọ́fíìsì tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ń wá akọ̀wé. Èmi àti ọ̀gá ibẹ̀ jọ dàgbà ni." Lẹ́yìn náà ló ní, "Yàrá kótópó mélòó lẹ máa ń tò sí ilé-ìwé yẹn?" Mo ní mẹ́ta. Ó ní, "Òfin ní mélòó?" Mo ní, "Òfin ní kó má ṣàìsí, sà. Ó ní ó kéré tán, ẹyọ kan." Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó gbé agboòrùn rẹ̀. "Ẹ wá tẹ̀lé òfin. Èmi ò ní kẹ́ ẹ jí ìbò o! Ẹ̀yin kẹ̀? Ká má rí i! Mo kàn ní kẹ́ ẹ má máa kánjú ni." Ẹ̀yin ènìyàn mi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ọ̀rọ̀ náà dénú mi, ó di odindi. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kọ́ ló gbà á. Ìyá tí ojú ń kán ni.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Mo gbàdúrà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ojú ò tì mí láti gbàdúrà! Mo wá to yàrá kótópó kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ béèrè àwọn yòókù, mo ní aṣọ ìkélé wọn ti ya. Kò ya. Èmi fúnra mi ni mo ká wọn sínú àpótí chọ́ọ̀kì. Báyìí ni ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí igbín. Láàárọ̀, ó dé àbáwọlé. Lọ́sàn-án, ó jáde ní géètì. Àwọn ènìyàn ń kùn, mo ń sọ fún wọn pé sùúrù lérè, òwe sì ń dà lẹ́nu mi. Olè tó ń pa òwe ni mí lọ́jọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ gòkè dé, òórùn ọṣẹ ń ti ara wọn wá, ọwọ́ wọn funfun, ó hun jọ bíi ti ẹni tó pẹ́ nínú odò. Wọ́n tò sẹ́yìn ìlà. Àbúrò mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ké sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi Òfin! Ìlà yìí gùn ju àṣẹ yín lọ o! Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wá, ṣé òfin ní ká mú un mọ́ra títí a ó fi dìbò ni?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn tí a ó jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Òjò bá dé. Kì í ṣe òjò wínniwínni, òjò tí ń nani ni. Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Ní àdúgbò wa, ẹni nìkan kọ́ ló ń dúró lórí ìlà. Níbi ẹ̀rọ omi, níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ẹni tó bá rẹ̀ á fi garawa tàbí òkúta tàbí bàtà rẹ̀ sí àyè rẹ̀, á lọ jókòó. Ohun tó fi síbẹ̀ ti di òun. Bí ìlà bá sún, ẹni tó wà lẹ́yìn á fẹsẹ̀ sún un síwájú fún un. Òfin ìdìbò ò mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe olórí ibùdó ni mo ti ń gbà á, mo sì máa ń jẹ́ kí ọ̀pá dúró fún arúgbó. Nítorí náà, nígbà tí òjò le, tí àwọn obìnrin náà ń gbọ̀n, mo fi ìwé borí, mo sáré bá àbúrò mi. Òjò ń pariwo lórí páànù, mo ní láti fi ẹnu sí i létí. Mo ní, "Sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kí wọ́n lọ sá sábẹ́ ìsọ̀ káfíńtà. Ẹ bọ́ bàtà yín síbí. Mo ti rí yín. Kò sẹ́ni tó máa gba àyè yín, mo ṣèlérí." Tinútinú ni mo fi sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, nígbà yẹn, tinútinú ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ó yí padà, ó ké sí wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ sá òjò! Ẹ̀gbọ́n mi ní ká bọ́ bàtà sílẹ̀!" Wọ́n bọ́ ọ, sìlípáàsì onírọ́bà, bàtà tó ti jẹ nígìgísẹ̀, wọ́n tò ó tọ̀ọ́tọ̀. Àbúrò mi tẹ̀ba, ó bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ìwọ gbọ́ o, bí wọ́n bá pe orúkọ mi, kí o dáhùn!" Wọ́n wá sá kọjá títì lọ sábẹ́ ìsọ̀ náà. Mo ń gbọ́ ohùn káfíńtà láti ọ̀nà jíjìn: "Ẹ má jókòó lórí pákó yẹn o! Pósí ẹnìkan ni! Ẹni tó bá jókòó lé e, òun ló máa sanwó rẹ̀!" Ẹ̀rín sọ.

Òfin tí gbogbo yín ń kọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí sọ pé nígbà tí àkókò bá pé, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ lọ dúró lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn lórí ìlà. Ẹni tó bá wà níwájú òṣìṣẹ́ náà á dìbò, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹni tó bá dé sẹ́yìn rẹ̀ á padà sílé. Òṣìṣẹ́ náà ni òpin ìlà. Lọ́jọ́ náà, èmi ni òpin ìlà. Mo mú agogo ilé-ìwé lọ́wọ́, mo jáde. Baba Alágboòrùn ti dúró dè mí ní géètì. Ó ṣí agboòrùn rẹ̀ sórí mi, ó sì ń bá mi rìn lọ bí ọkọ ìyàwó. Mo kọjá lára àwọn tó dúró. Mo dé ẹ̀yìn bàbá kan tó fi ọ̀rá borí. Òun ni ẹni ìkẹyìn tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, bàtà ni, bàtà tò lọ dé igun ògiri, omi òjò kún inú wọn. Mo fẹ́ máa lọ dé ìparí wọn. Baba Alágboòrùn dúró, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí níwájú agboòrùn. Ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ìyá Òfin, ṣé bàtà ń dìbò ni?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ ọmọ mi. Mo padà sẹ́yìn, mo bọ́ sábẹ́ agboòrùn. Mo kẹ́yìn sí àwọn bàtà náà, mo gbọn agogo.

Wọ́n gbọ́ agogo, wọ́n sáré wá láìwọ bàtà, ẹrẹ̀ ń ta sí wọn láṣọ. Àbúrò mi ló ṣíwájú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ti ṣèèṣì dúró síwájú wa." Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Àkókò ti pé. Bàtà kì í dìbò." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣe irú eré yẹn, òtútù ń mú wa." Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ kú sí i lẹ́nu. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ̀kan ní, "Ta ló ní ká lọ sá òjò?" Òmíràn tọ́ka sí àbúrò mi: "Ẹni yìí ni! Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní ká lọ!" Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo dákẹ́. Ọlọ́pàá dé, ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n da omi inú bàtà wọn nù, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ òkè. Àbúrò mi nìkan ni kò mú tirẹ̀. Ó lọ sílé láìwọ bàtà.

A ka ìbò ní gbangba. Kò sí àléébù kan nínú rẹ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ ló wọlé, iye ìbò tó fi borí kò sì tó iye bàtà tí mo kẹ́yìn sí. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní ibùdó tèmi ló mọ́ jù.

Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Àṣé ibi tó burú jù ṣì wà níwájú. Aránṣọ pẹjọ́, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ kan láti gbọ́ ọ. Wọ́n pè wá sí yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo fọwọ́ lé ìwé mímọ́, mo búra. Wọ́n ní kí àbúrò mi sọ tirẹ̀. Ó dìde, ó kọjú sí mi, kò kọjú sí wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wojú mi. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́ sí mi létí pé ká lọ sá òjò?" Alága ní, "Ìyá, ẹ dáhùn." Mo ní, "Mi ò rántí." Alága tún ní, "Ẹ sọ ọ́, ẹ ò sọ ọ́?" Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ti ra bàtà tuntun. Mo ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ojú kan náà ni àbúrò mi ń wò mí. Ó bá kúnlẹ̀, ẹ gbọ́ o, ó kúnlẹ̀ fún mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n kì í parọ́. Èmi ni mo parọ́." Ó dìde, ó jáde. Ó kọ̀ láti bọ́ mi láṣọ níta gbangba, ó bọ́ aṣọ tirẹ̀ fi bò mí.

Ìgbìmọ̀ da ẹjọ́ náà nù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní orúkọ ní ilé ìfọṣọ. Ẹ̀gbọ́n-mi-ní ni wọ́n ń pè é. "Ẹ̀gbọ́n-mi-ní, kí lẹ̀gbọ́n ẹ wí lónìí? Ṣé òjò á rọ̀ ni ká kó aṣọ wọlé?" "Ẹ̀gbọ́n-mi-ní, bọ́ bàtà ẹ ká rí i!" Wọ́n gbà pé òun ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, òun ló sọ ìbò wọn nù, òun ló jẹ́ kí wọ́n ti yàrá ìgbẹ̀bí pa. Nígbà tí obìnrin kan nínú wọn rọbí sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí mìíràn tó jìnnà, ẹnu ọ̀nà àbúrò mi ni wọ́n wá bú sí. Ó gba gbogbo rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó lọ sí òdì kejì ìlú. Mo ránṣẹ́, kò dáhùn. Mo gbàdúrà, àdúrà náà kì í ga ju àjà ilé mi lọ. Ẹ sì ń yìn mí. Ọdọọdún lẹ̀ ń yìn mí.

Ọmọ mi tó ń ka èyí ti mọ̀. Mi ò jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lójú yín. Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Màmá, ẹ ò bá jẹ́ kí n máa fi bàtà jíjẹ rìn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ mi sí yín kò pọ̀. Ẹ máa ṣọ́ àpótí o, àmọ́ ẹ ṣọ́ ìlà. Ẹni tó fẹ́ ba ìbò jẹ́ kò nílò kó fọwọ́ kan ìwé kan. Yóò kan yọ tábìlì kan kúrò, yóò sún ilẹ̀kùn kan, yóò dúró sí ibi tí kò yẹ kó dúró, òfin á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àdá. Nígbà tí ẹ bá lọ dúró lópin ìlà, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí agboòrùn sórí yín lọ́jọ́ náà, ẹ jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òjò pa yín. Ẹ má kọ orúkọ mi sára ògiri yìí. Bí ògiri bá ń fẹ́ orúkọ, ẹ kọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin ilé ìfọṣọ tó ṣẹ́kù, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: àbúrò mi kò parọ́. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ sí i létí, mo ṣèlérí, mo sì sẹ́ ẹ.

Àti ìwọ, ọmọ ìyá mi, Afọṣọ-má-ṣẹ́kù-àbàwọ́n, àbàwọ́n tí mo ta sí ọ láṣọ ni ọwọ́ rẹ kò lè fọ̀, torí ọwọ́ tèmi ló yẹ kó fọ̀ ọ́. Mo ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá o wà nínú gbọ̀ngàn. Mo ti ní kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ níwájú, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Sìlípáàsì tó wà lórí rẹ̀, tìrẹ ni. Èmi ni mo mú un níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo sì fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di àkókò yìí. Bí o bá wá, wá wọ̀ ọ́. Bí o ò bá wá, mi ò dá ọ lẹ́bi. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bàtà náà kúrò. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo yín á fi jáde. Bàtà náà ti di òun. Ó wà níbẹ̀. Mo rí i.